Ọmọ Abìyẹ́ Tó Jọ Mùtíù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní àdúgbò Sokoura ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, ẹ ti bi mí léèrè títí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó dàgbà tó báyìí?" Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá yín lóhùn. Ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí mo ṣe kò rọrùn láti fi ẹnu kan sọ. Ọmọ abìyẹ́ ni mo ń yà. Àwọn ọmọ kéékèèké tó sanra, tí wọ́n ní ìyẹ́ lẹ́yìn bí ẹyẹlé, tí àwọn mìíràn nínú wọn gbé ọfà dání. Mo yà wọ́n sára aṣọ, mo yà wọ́n sára ògiri, mo tún fi símẹ́ǹtì mọ wọ́n. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ. Òun náà ló fún mi ní ìbànújẹ́ kan tí kò tíì tán nínú mi. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná.

Rábíátù ni orúkọ mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Kùmásí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ni. Bàbá mi kò bá àwọn yòókù padà sílé. Ó ní ojú ń ti òun láti wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òfìfo. Ọkọ̀ gbé wa dé Bouaké, ìlú àwọn tó ń sọ Faransé lẹ́bàá Gánà, níbi tí àwọn ará ilé wa kan ti ń tajà, a sì dúró síbẹ̀ títí di òní. Àwọn ará ibí ń pè wá ní Ànàgó, a sì ń jẹ́ ẹ.

Mo lọ ilé ìwé díẹ̀. Èédú ni mo fi ya ojú olùkọ́ wa sára ògiri ilé ìyàgbẹ́, wọ́n bá ní kí n máa lọ sílé. Bàbá mi kò nà mí. Ó bá mi dé ibẹ̀, ó wo ògiri náà dáadáa, ó ní, "Ó mà jọ ọ́ o." Kò pẹ́ sí i, ó fà mí lé Ọ̀gá Alíù lọ́wọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni Ọ̀gá Alíù. Ó ní ilé ìyafótò ní àdúgbò Dougouba. Láyé ìgbà yẹn, ilé ìyafótò tí o bá rí ní Bouaké, Ànàgó ló sábà máa ń ni ín. Ohun tó mú ti Ọ̀gá yàtọ̀ ni àwọn aṣọ ńlá tó ń so kọ́ sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Fọ́ọ̀n ni a ń pè wọ́n, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán sára wọn. Ọ̀kan ní ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan ní àtẹ̀gùn tó gòkè lọ sínú òdòdó. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọkọ àti ìyàwó tuntun: ọmọ abìyẹ́ méjì ń fò lókè, ọ̀kan fa ọrun, ó dojú ọfà kọ àyà ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Láti inú àwọn abúlé Baoulé tó yí ìlú ká ni wọ́n ti ń wá torí fọ́ọ̀n yìí. Bí wọ́n bá ti so yìgì tán, tàbí tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Alíù ló kàn.

Ara ìdérí agolo bisikíìtì kan tí obìnrin Faransé kan jù nù ni Ọ̀gá ti rí àwọn ọmọ náà. Ọmọ òyìnbó ni wọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n bí ata. Mo rántí ọjọ́ tí ààfáà kan wá ya fótò káàdì, tó gbójú sókè, tó rí wọn.

"Alíù," ó ní, "mọláíkà lo gbé ọfà lé lọ́wọ́ yìí?"

"Ààfáà, kì í ṣe mọláíkà," ni Ọ̀gá dáhùn. "Àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù láyé àtijọ́ ní òrìṣà ìfẹ́ kan, ọmọ kékeré ni. Kupidọ́ọ̀nù ni àwọn Faransé ń pè é. Ẹni tó bá ta lọ́fà, ìfẹ́ wọ onítọ̀hún lára nìyẹn."

"Èyí tí mo máa ń rí ní ibojì àwọn onígbàgbọ́ ńkọ́?"

"Kérúbù nìyẹn. Irú ìyẹn ń ṣọ́ ìtẹ́ Ọlọ́run, wọ́n ń gbàdúrà. Èyí kì í gbàdúrà. Ìjàngbọ̀n ló ń dá sílẹ̀."

Ààfáà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti ta èmi náà rí." Ṣùgbọ́n ó ní kí Ọ̀gá fi aṣọ funfun bò ó kó tó ya òun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò fọwọ́ kan pẹ̀ǹsó, ìyẹn búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun ọ̀dà. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo lọ ọ̀dà. Ọ̀dà oníyẹ̀fun la ń rà nígbà náà. A ó lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ, a ó fi gọ́ọ̀mù gbígbóná pò ó. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, aṣọ á le, á máa sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ó bá kéré jù, ọ̀dà á máa gbọ̀n dànù. Ọ̀gá á ki ìka bọ̀ ọ́, á fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Dà á nù." Kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ kì í ga ju ti ẹni tó ń kírun lọ, èyí gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí.

Nígbà tó wá gbà kí n máa yàwòrán, èédú àti pákó ló fún mi. Ọmọ ọwọ́ nìkan ni kí n máa yà.

"Rábíátù, ọmọ lo yà yìí, àbí àpò ìrẹsì?"

"Ọmọ ni, Ọ̀gá."

"Ọmọ wo ló ní ọrùn gígùn báyìí? Ṣé ó fẹ́ yọjú wo ilé aládùúgbò ni?"

Á mú àkísà olómi, á nu gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ mi kúrò. Èmi á gbé ẹkún mi mì. Ó pẹ́ kó tó rí i pé ojú mi ni kò mọ ọmọ, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ó ní kí n máa lọ sí agboolé ní àràárọ̀, kí n lọ wo ibi tí àwọn ìyá àgbà ti ń wẹ ọmọ. Mo lọ. Mo jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi òrí pa ọmọ lára, tí wọ́n ń na apá rẹ̀, tí wọ́n ń jù ú sókè. Mo rí i pé ọrùn ọwọ́ ọmọ dà bí ìgbà tí ènìyàn fi òwú so ó. Mo rí i pé àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé àyà. Mo rí i pé bí ọmọ bá fẹ́ sunkún, ètè ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Wòmọwòmọ. Ẹni bá fara balẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ó pẹ́ kí n tó rí ìfun èèrà tèmi, ṣùgbọ́n mo rí i.

Ọjọ́ kan, ìyàwó tuntun kan, ọmọ Baoulé, dúró níwájú fọ́ọ̀n náà. Kò wo kámẹ́rà. Ó ń wo àwọn ọmọ òyìnbó tó wà lókè orí rẹ̀. Ó fi èdè Dioula béèrè pé, "Ṣé irú ọmọ tí èmi máa bí nìyí?" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ, mo sọ fún Ọ̀gá pé mo fẹ́ ya ọmọ dúdú. Ó ní, "Yà á, ká wò ó."

Ọmọ tí mo ní lójú nígbà náà ni Mùtíù. Ọmọ Ọ̀gá ni. Ìyàwó Ọ̀gá, Màmá Sèlí, ti bí ọmọ sẹ́yìn rí, wọn kò dúró. Nígbà tí èyí wá dúró títí ó fi mọ̀ ọ́n jókòó, gbogbo wa la ń rìn jẹ́jẹ́ yí i ká. Kò sẹ́ni tó pe Màmá Sèlí lórúkọ mọ́. Ìyá Mùtíù la ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni ń jẹ oyin. Kò jẹ́ kí wọ́n ya ọmọ náà ní fótò. Ó ní kámẹ́rà ń kó ojú ayé jọ sára ọmọ, ó ní ó di Iléyá, tó bá ti lè rìn, kí bàbá rẹ̀ tó yà á nínú aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n máa wò ó ya ọmọ abìyẹ́ mi, ó gbà. Ó ní, "Ìyẹn kò burú. Ọ̀dà lásán ni."

Àárọ̀ ni mo máa ń yà á. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á gbé e lé e, èmi á jókòó kọjú sí i. Kì í jókòó jẹ́ẹ́. Pẹ̀ǹsó mi ló ń fẹ́ gbà. Lọ́jọ́ kan ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀dà pupa rúsúrúsú tí mo pò fún ìyẹ́, ó fi í sẹ́nu, ó fajú ro, ó tún padà fẹ́ lá a. A rẹ́rìn-ín títí. Mo ya ojú rẹ̀, mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé ọrun fún un, mo fi ìyẹ́ sí i lẹ́yìn.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, Ọ̀gá dúró níwájú aṣọ náà. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó máa wá àkísà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ lo máa ya àwọn ọmọ." Bí mo ṣe gba òmìnira nìyẹn. Wọn kò pa àgbò, wọn kò pe ènìyàn.

Àwọn ènìyàn wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ dúdú ń ta ìyàwó dúdú lọ́fà, inú wọn dùn sí i. Ìyá Mùtíù á gbé ọmọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, á nawọ́ sí aṣọ, á ní, "Mùtíù, wo ara rẹ. Wo bí o ṣe ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀."

Iléyá ku díẹ̀. Wọ́n ti rán agbádá kékeré kan fún fótò tí a máa yà. Ibà mú ọmọ náà. Ó kọ́kọ́ dà bí ibà gbogbo ọmọ, wọ́n fún un lóògùn, ó rọlẹ̀. Ó tún gbóná padà, gìrì mú un. Ọ̀gá gbé e sáré lọ sí ọsibítù lápá rẹ̀, èmi àti Ìyá Mùtíù ń sáré tẹ̀lé e. Ọ̀sán gangan ni ọmọ náà kú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti wí.

Àwọn obìnrin àdúgbò yí Ìyá Mùtíù ká. Wọ́n ń sọ ohun tí a máa ń sọ: "Má sunkún mọ́. Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Ó gbójú sókè wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ agbè. Ní tèmi, omi yẹn ni mo fẹ́ mu."



Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó wá sí ilé ìyafótò. Ọkọ àti ìyàwó kan ló wà níwájú fọ́ọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ Ọ̀gá fẹ́ yà wọ́n. Ìyá Mùtíù kọjá láàárín wọn, ó jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ó gbójú sókè. Àwọn tọkọtaya náà wo ara wọn, wọ́n jáde jẹ́jẹ́. Ó wo aṣọ náà títí. Ó wá yíjú sí mi.

"Rábí," ó ní, "ìwọ lo so ìyẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn."

Ibà ló pa ọmọ náà, mo mọ̀, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbé e. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà.

Ọ̀gá ti inú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fótò jáde. Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó mú àkísà, ó rì í bọ omi, ó gbé àga, ó gun ún. Ó fẹ́ nu ojú ọmọ náà kúrò. Ìyá Mùtíù dìde fò mọ́ ọn, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Alíù! Bí o bá nù ún, níbo ni màá ti rí i?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa. Ọmọ ayafótò kú, kò ní fótò. Bàbá rẹ̀ ti ya ọmọ gbogbo ìlú, àwọn arìnrìn-àjò tí a kò ní rí mọ́ ní fótò nínú àpótí wa, àní ajá ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní fótò. Ti Mùtíù kò sí. Ojú tí mo fi ọ̀dà yà sára aṣọ nìkan ló kù. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, àkísà náà ń kán omi sí i lára. Èmi àti ọmọṣẹ́ yẹn ká aṣọ náà, a gbé e lọ sí yàrá Ìyá Mùtíù. Aṣọ náà kò padà sílé ìyafótò mọ́.

Láti ìgbà náà, Ọ̀gá kò ya ọmọ ọwọ́ mọ́. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá, á jáde síta, á lọ dúró lábẹ́ igi. Nígbà tó yá, ó fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́. Ó ní kí n ya fọ́ọ̀n mìíràn. Mo yà á, ṣùgbọ́n ojú tí mo fún àwọn ọmọ abìyẹ́ náà kì í ṣe ojú ẹnì kan. Mo rò ó láti inú mi ni, kó má baà jọ ọmọ tó wà láàyè. Oníbàárà kan wí fún mi pé, "Àwọn ọmọ yín yìí lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò bí wọn rí." Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí èmi náà lọ́kọ, Ọ̀gá ní kí a dúró níwájú fọ́ọ̀n tí mo bá fẹ́. Aṣọ tí wọn kò ya nǹkan kan sí ni mo mú. Fótò ìgbéyàwó mi wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ti rí i: èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, kò sí nǹkan lẹ́yìn wa.

Ọ̀gá Alíù kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kò ṣàìsàn tó le. Ó kàn ń dín kù ni, bí ọṣẹ.

Mo gba ilé ìyafótò náà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀dà inú agolo dé, a kò lọ ìyẹ̀fun mọ́. Fótò aláwọ̀ dé, àwọn ènìyàn sì fẹ́ kí ìyẹ́ máa tàn yòò. Mo ń lọ ya Kupidọ́ọ̀nù sára ògiri gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, mo gorí àkàbà, mo dùbúlẹ̀ lórí pákó yà á sára àjà. Mo tún kọ́ bí a ṣe ń fi símẹ́ǹtì àti wáyà mọ ọ́n. Símẹ́ǹtì ló gbé mi wọ ibojì. Ọmọ kan náà ni, ẹ kúkú gbọ́: bí o bá gba ọfà lọ́wọ́ rẹ̀, tí o pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí o tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀, Kupidọ́ọ̀nù di kérúbù, ọmọ ìyàwó di ọmọ òkú.

Obìnrin Baoulé kan, Aya lorúkọ rẹ̀, wá láti abúlé nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú. Àwọn tí mo ti mọ sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn kan ló rí, ó dúró ti ọ̀kan tó gbé ọrun lọ́wọ́, ó ń fọwọ́ pa á lórí. Ó ní èyí lòun fẹ́. Mo sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe ti ibojì, màá mọ òmíràn fún un.

"Rárá, Ìyá Ànàgó," ó ní. "Èyí náà ni. Ṣáà gba ọfà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ta mí tán."

Mo gé ọfà náà kúrò lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ ibojì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Àwọn ìyá kan á mú fótò ọmọ wọn wá, wọ́n á ní kí n fi ojú rẹ̀ sí i. Màá ṣe é. Ẹni tó ní fótò, ó ní nǹkan. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọn kò mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́.

Orílẹ̀-èdè wá pín sí méjì, ìbọn dé Bouaké. Ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n kàn sọ ọ́ fún yín ni. Àwa gbọ́ ọ. Ọkọ mi kó wa sínú ọkọ̀ ẹrù, a sá lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò dé rí. Mo bẹ Ìyá Mùtíù kó bá wa lọ. Ó ti darúgbó. Ó ní, "Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀ níbí. Ta ni kí n fi í tì?" Nígbà tí a padà dé, wọ́n ti fọ́ ilé ìyafótò, wọ́n ti kó kámẹ́rà lọ, àwọn fótò tí a ń fọ láti ọdún gbọọrọ ti di eérú. Wọ́n ti ká páànù orí ilé Ìyá Mùtíù náà lọ. Òjò ti rọ̀ sínú yàrá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òun fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Mo gbìyànjú láti tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wá. Ọmọkùnrin kan ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Kennedy, ó ní ẹ̀rọ kan tó ń tẹ àwòrán sára rọ́bà gbọọrọ. Mo lọ wò ó. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó gbé àga fún mi, ó ní, "Màmá, ìyẹ́ irú èyí tí ẹ bá fẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà." Ó tẹ nǹkan, ìyẹ́ yọ. Ó dára. N kò lè bá a jà, kò jà mí lólè. Nígbà tí fóònù sì dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ta ló tún ń wá fọ́ọ̀n? Ojú mi náà ti ń ṣú.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Mùtíù ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní. Láti ọjọ́ tí a gbé e lọ, n kò fojú kàn án mọ́. Ìyẹ́ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ sísanra wà níbẹ̀, ọrun àti ọfà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà oníyẹ̀fun ni mo fi yà á, omi òjò sì ti wọ inú àpótí tó kó o sí. Níbi tí ojú wà, àbàwọ́n bí omi ẹrẹ̀ ló kù.

"Rábí," ó ní, "bá mi dá ojú rẹ̀ padà."

Mo wá ọ̀dà, mo wá pẹ̀ǹsó, mo jókòó. Mo gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ náà dúró sáfẹ́fẹ́. Mo ní, "Mà, báwo ni imú rẹ̀ ṣe rí?"

Ó fọwọ́ kan àbàwọ́n náà.

"Imú bàbá rẹ̀ ni."

"Imú Ọ̀gá gùn, Mà. Ti Mùtíù kò gùn."

"Àbí tèmi ni." Ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ọ́ lọ tọ ọ́ bọ̀. "Rábí, mo mọ bó ṣe wúwo. Bí wọ́n bá gbé e lé mi lọ́wọ́ nísinsìnyí, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, màá mọ̀ ọ́n. Mo mọ òórùn orí rẹ̀. Imú rẹ̀…"

Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, nítorí bí mo ṣe wá inú orí mi tó, ọmọ tó ń lá ọ̀dà ni mo rí, mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo rí ètè rẹ̀ tó kùn ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n ojú náà kò yọ sí mi. Àwa méjì péré ló ṣẹ́kù láyé tó mọ̀ ọ́n, a kò sì rántí rẹ̀.

Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo tún padà wá. Ó ń sọ, mo ń yà. Ó ní kí n fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n mú ojú rẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra, mo mú un súnmọ́ra. Nígbà tó yá, ọmọ kan yọ. Ìyá Mùtíù gbé aṣọ náà súnmọ́ ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Òun kọ́ nìyí, Rábí."

"Mo mọ̀, Mà."

"Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni. Ọmọ ta ni?"

"N kò mọ̀, Mà."

Ó fi etí ìborùn nu omijé ara rẹ̀. Ó ní, "Gbé e kọ́ sára ògiri. A kì í lé àlejò."

Ohun tó ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ náà: Àlejò. Kò pè é ní Mùtíù rí. Àwọn ará ilé rẹ̀ sọ fún mi pé bó bá jí, á kí i, á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ó gbé bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, ikú ìrọ̀rùn ni, a sì sin ín lẹ́bàá ọmọ rẹ̀. Mo fọ pẹ̀ǹsó mi, mo pín wọn fún ẹni tó bá fẹ́. N kò ya ọmọ kankan mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kí ẹ má kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó gbé mi dé ibi tí mo dé, kò jẹ́ kí n tọrọ jẹ. Ẹni tó bá wù nínú yín kó wá, mo ṣì mọ bí a ṣe ń po gọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bó ti wù kí ọwọ́ yín mọ iṣẹ́ tó, ó ní ibi tó máa mọ, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ẹ fẹ́ràn máa dúró sí, tí á máa bẹ̀ yín.

Aṣọ náà wà ní yàrá mi nísinsìnyí. Àwọn ẹbí Ọ̀gá tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kó ẹrù Ìyá Mùtíù rí i, wọ́n béèrè ọmọ tó jẹ́, mo ní n kò mọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Ní òwúrọ̀ yìí, kí ẹ tó dé, mo kí i.